Yíyan lift kit fún Hilux: ẹ wọn ẹrù kí ẹ tó dárúkọ íǹṣì

Ẹni tó bá fẹ́ gbé Hilux sókè, íǹṣì ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè: ṣé méjì ni àbí mẹ́ta? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé kí ló máa ga gan-an. Lift kit ń gbé ara ọkọ̀ àti ṣáàsì kúrò lórí ẹsẹ̀ ni. Kò kan axle ẹ̀yìn, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, rárá. Ikùn dífù (àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) tó yọ sísàlẹ̀ láàárín axle yẹn, tó sì máa ń kọ́kọ́ gbá òkúta tàbí òkìtì tí táyà tírélà kó jọ sáàárín ọ̀nà, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni yóò wà, ẹ ìbáà ra íǹṣì 2, ẹ ìbáà ra 6. Táyà nìkan ló lè gbé e, ìdajì ohun tí táyà tuntun fi ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló sì máa rí gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà 265/65R17, tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hilux, ga ní 776 mm láti ilẹ̀ dé orí. 285/70R17 ga ní 831 mm. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 55 mm, nítorí náà dífù yóò fi bíi 27 mm kúrò nílẹ̀ sí i, íǹṣì kan àti díẹ̀ péré. Síbẹ̀ 285/70R17 kò ní wọ abẹ́ Hilux bẹ́ẹ̀ kó má ha. Ibẹ̀ ni lift kit ti wúlò: ó ń ṣí àyè sílẹ̀ fún táyà. Ó tún ń jẹ́ kí imú àti ìdí ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ nígbà tó bá ń gun ẹrẹ̀ tàbí tó ń jáde nínú kòtò, ó sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ tó ru ẹrù gidi dúró dọ́gba dípò kó jókòó sẹ́yìn. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìdí yín, ẹ ra táyà all-terrain (èyí tó bá ọ̀dà àti ẹrẹ̀ mu) mẹ́rin tó dáa ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ ń lò, kí ẹ fi owó tó kù ra epo.

Hilux tó jáde láti 2005 la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Iwájú rẹ̀ ní upper arm àti lower arm, ìyẹn apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mú, kọ́ìlì sì yí ṣọ́ọ̀kì po. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ axle gbọọrọ kan lábẹ́ leaf spring, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra. Ohun tí a bá sọ nípa iwájú bá Prado 120 àti 150 mu, ó bá FJ Cruiser àti 4Runner láti 2003 mu pẹ̀lú. Àmọ́ kọ́ìlì làwọn yẹn ní lẹ́yìn, Lexus GX 470 tòkúnbọ̀ mìíràn, tó jẹ́ ìbátan Prado 120, tiẹ̀ ní báàgì afẹ́fẹ́, nítorí náà kit ẹ̀yìn Hilux kò kàn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ wọn ọkọ̀ bó ṣe wà

Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí epo tó ìdajì táńkì. Ẹ fi téèpù wọ̀n láti àárín gbùngbùn rímù lọ tààrà sókè dé etí fẹ́ńdà, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀: táyà tó ti jẹ tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín yóò purọ́ fún yín.

Gíga tí wọ́n kọ sára páálí kit, orí Hilux tuntun ni wọ́n gbé e kà. Ọkọ̀ tó ti ru sìmẹ́ǹtì fún ọdún mẹ́wàá lè ti rì ní 20 tàbí 30 mm lẹ́yìn. Bí ẹ bá wá pààrọ̀ leaf rẹ̀ sí ti kit 40 mm, ẹ̀yìn yóò ga ní 60 tàbí 70 mm ju bí ojú yín ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ẹ ó sì rò pé kit ẹlòmíràn ni wọ́n tà fún yín. Bí apá òsì àti apá ọ̀tún bá fi ju 10 mm lọ yàtọ̀ síra, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó náwó: leaf tó ti sán, bọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ, tàbí ṣáàsì tí wọ́n ti jó pọ̀ rí lẹ́yìn ìjàǹbá. Kit kò lè wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sàn.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ wọn ẹrù

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ pín ẹrù ọkọ̀ sí méjì: ẹrù tí kì í sọ̀kalẹ̀ àti ẹrù tó ń wá tó ń lọ. Ti àkọ́kọ́ ni ẹ fi ń yan sípíríǹgì.

Níwájú, bọ́ńpà irin lè fi 50 sí 70 kìló kún imú ọkọ̀. Winch (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ tó há jáde) tó wọ inú rẹ̀ ń fi bíi 30 sí 40 kún un bó bá jẹ́ wáyà irin ló wé. Okùn oníke fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì kejì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Lẹ́yìn, ẹ ka canopy (ìbòrí ẹ̀yìn pikóòpù), àpótí irinṣẹ́, kérìà orí òrùlé, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé inú ọkọ̀, àti epo: dírọ́ọ̀mù dísẹ́ẹ̀lì 200 lítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 170 kìló láìka dírọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Èyí tó dájú jù ni pé kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn tírélà. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú nìkan sórí ìwọ̀n, lẹ́yìn náà kí gbogbo ọkọ̀ gùn ún. Ẹ ó mọ ohun tí axle kọ̀ọ̀kan ń rù.

Àwọn tó ń ṣe kit máa ń pín sípíríǹgì iwájú sí mẹ́ta: fún bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ dé, fún bọ́ńpà irin, fún bọ́ńpà irin pẹ̀lú winch. Ti ẹ̀yìn ni òfìfo tàbí ẹrù díẹ̀, lẹ́yìn náà bíi 300 kìló tí kì í kúrò, lẹ́yìn náà èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀. 300 kìló jẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì 6. Bí àpò 6 kò bá sí lẹ́yìn ọkọ̀ yín láti Ajé títí di Àbámẹ́ta, ẹ má ra leaf yẹn, ohun yòówù kí òǹtajà sọ nípa agbára rẹ̀.

Ìdí nìyí. Leaf líle lórí ọkọ̀ òfìfo kì í tẹ̀. Ẹ̀yìn yóò máa ta lórí gálọ́ọ̀pù, táyà yóò máa fò kúrò nílẹ̀, ibi tí táyà bá sì ti fò, kò sí bíréèkì níbẹ̀. Lójú ọ̀nà oníyanrìn tó rún wínníwínní, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣí ìdí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsí pé ẹ yí sítíárín. Yóò tún ga ju ohun tí ẹ rà lọ, nítorí pé ẹrù tí wọ́n ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn kò sí. Òdìkejì rẹ̀ náà burú: leaf ẹlẹ́gẹ́ lábẹ́ ẹrù tí kì í sọ̀kalẹ̀ yóò máa kọ lu bump stop, rọ́bà tó ń gba ìkọlù lábẹ́ ṣáàsì, títí leaf yóò fi sán tàbí tí òkè ṣọ́ọ̀kì yóò fi ya.

Ẹni tó ń ru ẹrù wúwo lẹ́ẹ̀kan lóṣù ńkọ́? Kó yan sípíríǹgì tó bá ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù mu, kó sì rọra wakọ̀ lọ́jọ́ kan yẹn. Wọ́n máa ń ta báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi ti leaf lẹ́yìn. A kò fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀nà burúkú. Leaf ń pín ìwúwo sí ibi méjì lára ṣáàsì, níwájú axle àti lẹ́yìn rẹ̀; báàgì ń kó apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ sójú kan ṣoṣo, ó sì ti tẹ ṣáàsì pikóòpù rí.

Ọ̀rọ̀ kan tí òǹtajà kì í sọ: kit kò fi kìló kan kún ohun tí òfin gba ọkọ̀ láyè láti rù. Nọ́ńbà tó wà lára irin ìdánimọ̀ ọkọ̀ kò yí padà nítorí pé leaf yín le.

Ìgbésẹ̀ 3: nígbà yìí lẹ lè dárúkọ gíga

Níwájú Hilux, 40 sí 50 mm ni ibi tó bára mu jù. Láti bíi 60 mm lọ sókè, owó mìíràn ti wọ̀ ọ́. Ní Ọsirélíà, níbi tí ọ̀pọ̀ kit Hilux ti ń wá (ARB, ilé iṣẹ́ tó ni sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì Old Man Emu, ti wà ní Melbourne láti 1975), òfin àwọn ìpínlẹ̀ sábà máa ń fa ìlà sí nǹkan bíi 50 mm kí wọ́n tó bèèrè ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà. Ẹ̀rọ náà kò bá òfin yẹn jiyàn. Ẹni tó ń wakọ̀ ní Britain gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀ kó tó gbé ọkọ̀ sókè ní ìwọ̀n kankan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ni pé dífù wà lójú kan lára ṣáàsì, ẹsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Bí ṣáàsì bá ṣe ń ga ni shaft tó lọ sí ẹsẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí i. CV joint, oríkèé tó ń jẹ́ kí shaft lè máa yí bó tilẹ̀ tẹ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ ní títẹ̀ jù, rọ́bà tó bò ó yóò máa fira gbo títí yóò fi ya, gírísì yóò tú jáde, iyanrìn yóò wọlé. Upper arm náà yóò tẹ̀ sísàlẹ̀ débi pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì rẹ̀ ń dé òpin ìrìn rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá já sínú kòtò. Caster, igun tí ẹsẹ̀ iwájú fi dà sẹ́yìn, yóò dín kù pẹ̀lú, òun ló sì ń jẹ́ kí sítíárín padà sáàárín fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé iwájú. Spacer orí ṣọ́ọ̀kì ló pọ́ọ́kú jù: irin tàbí polyurethane (rọ́bà líle) tó wọ àárín orí ṣọ́ọ̀kì àti ṣáàsì. Nítorí pé ṣọ́ọ̀kì kò sí ní òpin apá bí kò ṣe lápá inú, spacer 25 mm ń gbé ọkọ̀ ní bíi 50 mm. Ẹ bi òǹtajà pé "íǹṣì 2" tó ń sọ, ṣé ti spacer ni àbí ti ọkọ̀? Ẹni tó bá fi spacer 50 mm síbẹ̀ ti gbé ọkọ̀ ní 100 mm, shaft rẹ̀ kò ní pẹ́. Àléébù spacer ni pé ó sún ẹsẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ láìfi ìrìn kankan kún ṣọ́ọ̀kì. Upper arm lè máa gbá kọ́ìlì. Fún ọ̀nà ìlú, 12 mm irú rẹ̀ láti mú iwájú dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn kò burú.

Èkejì ni spacer inú, èyí tó ń fún kọ́ìlì pọ̀ láàárín àwo rẹ̀. Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn tó kù fún ẹsẹ̀ láti já sísàlẹ̀ dín kù, ẹ ó máa gbọ́ "kọ́!" nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá bọ́ lórí gálọ́ọ̀pù. Ẹ̀kẹta ni kọ́ìlì àti ṣọ́ọ̀kì tuntun tí wọ́n ṣe fún ara wọn. Òun lẹ ń pè ní kit gidi, òun náà ló sì yẹ ọkọ̀ tó ń lọ oko nígbà òjò.

Lẹ́yìn, leaf tuntun lódindi ló dára jù. Add-a-leaf, ìyẹn irin kan tí wọ́n fi kún ti tẹ́lẹ̀, dára bí leaf àtijọ́ bá ṣì ní agbára, àmọ́ ó ń mú un le. Block tó wọ àárín axle àti leaf ń gbé ọkọ̀ láìyí bó ṣe rọ̀ padà, ṣùgbọ́n bó bá ga jù, axle yóò máa fẹ́ yí nígbà tí ẹ bá tẹ iná lójijì, leaf yóò sì máa ká bí S. Ẹ má tò block méjì léra láé. Shackle (irin tó so ìdí leaf mọ́ ṣáàsì) gígùn ń fúnni ní ìdajì: èyí tó gùn sí i ní 50 mm ń gbé ọkọ̀ ní 25, ó sì ń yí dífù sókè díẹ̀.

Body lift, tó ń ya ara ọkọ̀ kúrò lórí ṣáàsì, kò kan ẹsẹ̀ rárá; àyè táyà nìkan ló ń fúnni. Kit 4 sí 6 íǹṣì tó ń gba pé kí wọ́n gé irin ṣáàsì kí dífù iwájú lè sọ̀kalẹ̀, ti ẹni tó ní wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ àti owó tí kò ní parí ni.

Ìgbésẹ̀ 4: ṣọ́ọ̀kì

Ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ bá gíga tuntun mu. Bí ẹ bá fi ti àtijọ́ sílẹ̀, òun ni yóò di okùn tó ń dá axle dúró nígbà tí ẹsẹ̀ bá já, kò sì pẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ fi máa fà yọ. Ó tún gbọ́dọ̀ bá agbára sípíríǹgì mu: leaf líle ń fẹ́ ṣọ́ọ̀kì tó lè dá a dúró nígbà tó bá ń ta padà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ ra méjèèjì pọ̀ lọ́wọ́ ẹni kan náà.

Ní ti irú rẹ̀, ooru ni ẹ fi ń yan. Lójú ọ̀nà tó rún wínníwínní, ṣọ́ọ̀kì ń lọ ń bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ọ́ìlì inú rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì hó bí afẹ́fẹ́ bá dàpọ̀ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ máa ń dà bíi pé kò ní ṣọ́ọ̀kì mọ́. Oníkòlòbó méjì tó ní gáàsì díẹ̀ tó fún ìlú àti ọ̀nà oko kúkúrú. Foam cell fi fóòmù rọ́pò gáàsì, nítorí náà ọ́ìlì rẹ̀ kì í tètè hó. Ó nípọn, ó sì yẹ ọkọ̀ tó ru ẹrù. Monotube, tí nitrogen alágbára wà lẹ́yìn písítìnì rẹ̀ kejì, tètè ń tú ooru dànù, ṣùgbọ́n bí òkúta bá tẹ ara rẹ̀ wọlé, písítìnì há nìyẹn. Ṣọ́ọ̀kì tòkúnbọ̀ láti Ládípọ̀ tàbí ibikíbi, a kò gbà yín níyànjú. Ẹ kò lè mọ ohun tó kù nínú rẹ̀ nípa fífi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: ohun tí kò sí nínú páálí

Tí iwájú bá kọjá 50 mm, ẹ fi owó upper arm tuntun sí ìṣirò. Òun ló ń dá caster padà, tó sì ń fún bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ní ìrìn. Diff drop, àwọn spacer tó ń sọ dífù iwájú kalẹ̀ ní bíi 25 mm, ń tu CV lára, àmọ́ 25 mm yẹn lẹ ti gbà kúrò lábẹ́ dífù náà.

Èyí tí a sábà ń gbàgbé ni LSPV, fáàfù bíréèkì tí ọ̀pá rẹ̀ so mọ́ axle ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ Hilux. Bí ẹrù bá pọ̀, ara ọkọ̀ a rì, ọ̀pá yẹn a sì sọ fún fáàfù pé kó tú agbára bíréèkì sẹ́yìn dáadáa. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè láìfọwọ́ kàn án, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo ní gbogbo ìgbà, bíréèkì ẹ̀yìn á dín kù, ẹ ó sì kàn máa rí i pé padi iwájú ń tètè jẹ. Irin kékeré kan tó ń sún ibi tí ọ̀pá náà so mọ́ sókè ló ń yanjú rẹ̀.

Propeller Hilux, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ sí dífù ẹ̀yìn, jẹ́ méjì tí bẹ́árìnì kan so láàárín. Bí ẹ̀yìn bá ga, igun rẹ̀ yí padà, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń gbéra. Spacer tó sọ bẹ́árìnì yẹn kalẹ̀, tàbí irin onígun tó wọ àárín axle àti leaf láti yí ojú dífù, ni oògùn rẹ̀. Ẹ ra U-bolt tuntun, bọ́ótì onírísí U tó de leaf mọ́ axle. Ti àtijọ́ ti nà, kì í di mọ́ bó ti yẹ. Ẹ wo gígùn hóòsì bíréèkì àti wáyà ABS pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ 6: fífi í sí i

Kò sí ohun tó léwu nínú iṣẹ́ yìí tó kọ́ìlì iwájú. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà yíká orí ṣọ́ọ̀kì ló so ó mọ́ ọkọ̀. Èyí tó wà láàárín ló di kọ́ìlì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tú ti àárín láìfi irin ìfúnkọ́ìlì dè é, irin yóò ta bí ọta. Bí mẹkáníìkì yín bá fẹ́ fi okùn tàbí ẹ̀wọ̀n ṣe é, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dì bọ́ótì bọ́ọ̀ṣì pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ lórí jáàkì. Rọ́bà bọ́ọ̀ṣì lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti dì í ni yóò gbà pé òun ń gbé. Bí ẹ bá wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó ti lọ́, yóò máa lọ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi ya, ọkọ̀ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ lóṣù àkọ́kọ́. Kí wọ́n fọwọ́ dì í, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n mì í, kí wọ́n tó wá fi torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tí wọ́n fi dì í) dì í gẹ́gẹ́ bí ìwé Toyota ṣe sọ. U-bolt náà, ẹ dì í ní àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀, kí òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kù bákan náà.

Kí wọ́n tó dá táyà padà, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan já pátápátá, kí ẹ yí sítíárín dé òpin lápá méjèèjì, kí ẹ sì fọwọ́ kan hóòsì bíréèkì. Bó bá ti le bí okùn gìtá, ó kúrú.

Aláìnmẹ́ǹtì ọjọ́ yẹn kan náà ni. Àwọn ibi kan, toe nìkan, ìyẹn bí táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta, ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ bèèrè ìwé tó ń fi caster àti camber (bí orí táyà ṣe dà sínú tàbí síta) hàn, ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí caster sún mọ́ 3°, kí apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ tún iná iwájú tẹ̀ sísàlẹ̀, torí pé ojú àwọn tó ń bọ̀ ló ń tàn sí báyìí. Bí ẹ bá ti lọ sí 285/70R17, nígbà tí àwo ìyára bá ń sọ 100, bíi 107 lẹ ń sá gan-an, bí àwo ọkọ̀ yín bá péye tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ 2.7 epo bẹntiróò yóò sì wúwo lórí òkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ dì gbogbo U-bolt lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wọn ọkọ̀ bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n níbẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì tuntun máa ń fi díẹ̀ jókòó.

Bí nǹkan kan bá ṣe é

Bí ọkọ̀ bá ń rìn ségesège lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí sítíárín kò sì padà, caster ni. Bó bá ń gbọ̀n nígbà ìgbéra tó sì dákẹ́ bó bá ti sáré, ẹ wo bẹ́árìnì propeller. Bó bá ń gbọ̀n níwájú nígbà tí ẹ wọ 4WD nìkan, shaft iwájú ti dà jù. Táyà tó ń ha nígbà tí ẹ bá yí sítíárín dé òpin, ẹ wo irin tó gbé ara ọkọ̀ dúró lẹ́yìn táyà iwájú. Rímù tó yọ síta jù máa ń mú un burú sí i. "Ta-ta-ta" nígbà tí ẹ bá ń yí ní ìkòríta: ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ wo rọ́bà CV. Bí gírísì bá ti fọ́n sára rímù lápá inú tí joint kò sì tíì máa dún, rọ́bà nìkan lẹ ó rà. Bó bá ti ń dún, ẹ ti ń ra odindi shaft nìyẹn.